Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Négátíìfù Àtijọ́ Kó Tó Di Ìyẹ̀fun

Àpótí páànù kan wà lórí àjà ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ṣí fún ọdún gbọọrọ. Bàbá àgbà ló gbé e bọ̀ láti Ghana ní ìparí ọdún 1969, nígbà tí ìjọba ibẹ̀ fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré pé kí wọ́n wá ìwé náà tàbí kí wọ́n máa lọ sílé. Irú àpótí bẹ́ẹ̀ wà ní ọ̀pọ̀ ilé nílùú wa, nítorí àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ṣòwò ní Tamale, Kumasi àti Accra kò lóǹkà. Aṣọ òkè méjì ló wà nínú tiwa, pẹ̀lú ìwé gbèsè àwọn oníbàárà àti négátíìfù tó ń lọ bíi igba, ìyẹn fíìmù tí òkùnkùn àti ìmọ́lẹ̀ àwòrán yí padà lára rẹ̀, tí wọ́n fi ń tẹ fọ́tò. Ọjà ni Bàbá àgbà ń tà lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń ya àwọn èèyàn ní fọ́tò lọ́jọ́ ọdún àti lọ́jọ́ ìkómọ.

Bí mo ṣe ṣí ìdérí rẹ̀ báyìí, òórùn kan ta mí nímú, omi sì dà lójú mi. Àwọn tó wà lókè ṣì mọ́ kedere. Àwọn tó wà láàárín ti pọ́n bí omi tíì. Nísàlẹ̀, nínú agolo tí wọ́n dé pinpin, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ilẹ̀ ló kù, ìpẹtà sì ti lu agolo náà jálẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní: “Kó wọn dà sórí ààtàn, jàre, kí o ṣáná sí i.” Ààtàn náà ti ń jó lọ́wọ́ ní ẹ̀yìnkùlé. Kí n tó sọ pé kí wọ́n dúró ná, wọ́n ti ju ẹyọ kan sí i. Iná náà gbé ara sókè lẹ́ẹ̀kan bí ìgbà tí èèyàn da pẹtiróòlù sí i, pẹ̀lú ìró fùùù, ẹ̀gbọ́n bàbá mi sì fò sẹ́yìn. Ẹyọ kan péré ni o. Igba ló wà nínú àpótí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ìdí ọ̀rọ̀ yìí, torí iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe. Ohun tí mo mọ̀ ni mo kọ síbí fún ẹni tí irú àpótí bẹ́ẹ̀ wà lórí àjà tirẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó di oṣù Ẹrẹ́nà kí ẹ tó gbé e sọ̀ kalẹ̀.

Kí ni wọ́n fi ṣe é?

Òwú ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1846, Christian Schönbein, onímọ̀ kẹ́míkà ní ìlú Basel ní Switzerland, rí i pé òwú tí ásíìdì náítíríìkì bá ti wọ̀ lára yóò yí padà: ojú rẹ̀ ṣì jọ òwú, ṣùgbọ́n ó ti di ohun tó ń jó wàì. Òun là ń pè ní nitrocellulose. Èyí tí náítírójìn inú rẹ̀ pọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀tù ìbọn. Èyí tí tirẹ̀ kéré díẹ̀ ni John Wesley Hyatt ní Amẹ́ríkà pò mọ́ káńfọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1870, tó fi di ike líle tó ń dán, tí wọ́n sọ ní sẹ́lúlọ́ìdì. Láti ọdún 1889 ni George Eastman ti ń ta fíìmù tí wọ́n fi nitrocellulose ṣe. Fíìmù náítíréètì ni màá máa pè é láti ibí lọ.

Ó rọ̀, kì í tètè ya, ó mọ́lẹ̀ bíi dígí, àwòrán sì ń hàn dáadáa lára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ayé fi lò ó fún ọgọ́ta ọdún. Ṣùgbọ́n ìwà méjì wà lára rẹ̀ tí kò ṣeé gbàgbé.

Èkíní ni pé kò nílò afẹ́fẹ́ òde kó tó jó. Ọ́síjìn tí iná ń lò wà nínú ara rẹ̀. Tí ẹ bá da iyanrìn bò ó, yóò máa jó. Tí ẹ bá fi búláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, yóò máa jó. Bí ẹ bá tì í rì sínú omi lẹ́yìn tó ti gbiná, yóò ṣì máa jó lábẹ́ omi. Èéfín rẹ̀ ló sì burú jù. Ní ọjọ́ 15 oṣù Èbìbí ọdún 1929, fíìmù X-ray tó wà nínú yàrá ìsàlẹ̀ ilé ìwòsàn Cleveland Clinic ní Amẹ́ríkà gbiná, èèyàn 123 ló kú. Gáàsì tí wọ́n fà símú ló pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn kan fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn jáde, wọ́n rò pé àwọn ti bọ́, kí ẹ̀dọ̀fóró wọn tó kún fún omi lẹ́yìn wákàtí mélòó kan.

Èkejì ni pé kò lè ṣe kó má bàjẹ́. Bó wà nínú àpótí láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, díẹ̀díẹ̀ ni náítírójìn ń já kúrò lára rẹ̀, tó ń di gáàsì. Tí gáàsì yìí bá pàdé ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, ó di ásíìdì. Ásíìdì náà ń jẹ àwòrán, ó ń jẹ agolo, ó ń jẹ ìwé tí ẹ fi wé e, ó sì tún ń padà sára fíìmù láti mú kí gáàsì mìíràn jáde kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí owó èlé ṣogúndogójì ló rí: èlé ń bímọ, ọmọ èlé náà ń bímọ. Ìdí nìyẹn tí fíìmù fi lè dà bí ohun tó dára fún ogójì ọdún, kó tó wó lulẹ̀ láàárín ọdún díẹ̀.

Ohun mẹ́ta ló ń sọ èlé náà di púpọ̀: ooru, ọ̀rinrin, àti ìdérí tó há. Orí àjà lábẹ́ páànù ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Fíìmù tuntun kì í gbiná àfi tí ooru bá kọjá nǹkan bíi 130°C, ṣùgbọ́n èyí tó ti jẹrà tó kó jọ pọ̀ sínú agolo lè gbiná fúnra rẹ̀ tó bá wà nínú ooru bíi 41°C fún ìgbà pípẹ́. Ẹ gun orí àjà yín lọ́sàn-án oṣù Èrèlè kí ẹ wá sọ fún mi bóyá 41 jìnnà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀, ẹ ṣí i síta

Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ ṣe é, kí oòrùn tó mú. Ẹ gbé àpótí náà lọ sí abẹ́ igi tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí atẹ́gùn ń gbà kọjá, kó jìnnà sí ààrò, jẹnẹrétọ̀ àti ẹni tó ń mu sìgá. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, irú èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń lò. Ẹ ṣí ìdérí, kí ẹ sì kúrò níbẹ̀ fún bíi wákàtí kan kí gáàsì tó ti há sínú rẹ̀ lè jáde. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, orí fọ́ mi di alẹ́. Tí ọmọ kékeré tàbí ẹni tó ní ikọ́ fée bá wà nílé, kí wọ́n lọ sí iwájú ilé.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín

Gbogbo négátíìfù kọ́ ni náítíréètì. Tó bá jẹ́ dígí, kì í ṣe òun. Tó bá jẹ́ fíìmù kálà tí ẹ̀yin fúnra yín yà ní ọdún 1990, kì í ṣe òun. Fíìmù sinimá tẹ́ẹ́rẹ́ ti 16 mm kì í ṣe òun náà. Kodak, iléeṣẹ́ Eastman, kò ṣe fíìmù X-ray náítíréètì mọ́ láti ọdún 1933, fíìmù kámẹ́rà 35 mm láti 1938, èyí tó rí pẹlẹbẹ tí àwọn onífọ́tò ń lò láti 1939, fíìmù róòlù láti 1950, àti ti sinimá ńlá láti 1951. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ọjà máa ń pẹ́ lórí àtẹ kí wọ́n tó lò ó tán. Tí négátíìfù bá ti wà ṣáájú nǹkan bí ọdún 1955, ẹ fura.

Ẹ gbé ẹyọ kan sókè sí ìmọ́lẹ̀, kí ẹ wo etí rẹ̀. Tí wọ́n bá kọ NITRATE síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Tó bá jẹ́ SAFETY ni wọ́n kọ, ásítéètì ni, irú fíìmù tí wọ́n fi rọ́pò náítíréètì, kì í gbiná bí ti àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ ni kò ní ìkọ̀wé kankan. Fún fíìmù pẹlẹbẹ Kodak tó ti wà ṣáájú 1949, ẹ wo àwọn ihò kékeré tí wọ́n gé sí etí rẹ̀ níbi igun: tí èyí tó sún mọ́ igun jùlọ bá rí bíi V, náítíréètì ni, tó bá rí bíi U, ásítéètì ni.

Imú náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó lè tàn yín jẹ. Fíìmù náítíréètì tí kò tíì bàjẹ́ púpọ̀ máa ń rùn bíi káńfọ̀, torí wọ́n fi káńfọ̀ tòótọ́ pò ó. Àwọn ìyá wa náà sì máa ń ju káńfọ̀ sínú àpótí aṣọ nítorí kòkòrò, bẹ́ẹ̀ náfútálíìnì ni èyí, ohun mìíràn pátápátá. Nítorí náà, ẹ mú ẹyọ kan kúrò nínú àpótí, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i títí di ọ̀sán, kí ẹ tó gbóòórùn rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn díẹ̀. Tó bá ti ń bàjẹ́, òórùn ásíìdì tó ń gún imú lẹ ó gbọ́. Tó bá ń rùn bíi ọtí kíkan, ásítéètì tó ń bàjẹ́ ni. Kò léwu bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ya òun náà sọ́tọ̀, torí gáàsì tirẹ̀ náà ń ba ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Àwọn kan máa ń ní kí ẹ gé díẹ̀, kí ẹ ṣáná sí i láti fi dán an wò. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Èyí tí kò bá dá yín lójú, ẹ kà á kún náítíréètì.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ pín wọn bí wọ́n ṣe bàjẹ́ tó

Ẹ tẹ́ aṣọ funfun, kí ẹ tò wọ́n lẹ́yọ̀ọ̀kan, ẹ̀gbẹ́ tó ń dán sísàlẹ̀. Ẹ má fi omi nù ún: jẹ́látìn tó gbé àwòrán náà lè yọ́ dà nù lójú yín. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ lásán ti tó fún eruku.

Òkìtì àkọ́kọ́ ni àwọn tó ṣì mọ́, tàbí tó kàn pọ́n díẹ̀, tí etí wọn sì ń kọ mọ̀nà bíi fàdákà tí ẹ bá yí wọn síbí sọ́hùn-ún. Fàdákà ni lóòótọ́, èyí tó gbé àwòrán náà ló ń jáde bọ̀ sójú. Àwọn wọ̀nyí ṣeé gbà là, gbogbo ìlà ojú èèyàn ló ṣì wà lára wọn.

Òkìtì kejì ni àwọn tó ti ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, tó ń rùn kíkan, tí àwọ̀ wọn ti dà bí oyin, tí àwòrán sì ti ń lọ. Àwọn wọ̀nyí ni kí ẹ kọ́kọ́ dà kọ. Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí ó rọrùn láti bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó dára jù. Èyí tó dára yóò dúró dè yín di oṣù tó ń bọ̀. Èyí tó ń lẹ̀ lè má dúró.

Òkìtì kẹta ni àwọn tó ti rọ̀ bí ẹ̀kọ, tó ti yọ ìléróró, tó ti lẹ̀ pọ̀ di odidi kan, àti ìyẹ̀fun. Ẹ má gbìyànjú láti ya èyí tó ti lẹ̀ pọ̀ nípá. Èyí kò ṣeé gbà là mọ́, òun ló sì léwu jù. Ẹ gbé òkìtì yìí kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn yòókù lójú ẹsẹ̀. Màá padà sórí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ dà á kọ

Kò sí ìpamọ́ tó lè dá ìbàjẹ́ yìí dúró pátápátá. Ó kàn lè fà á sẹ́yìn ni. Àwòrán lẹ ń gbà là. Ẹ jẹ́ ká ṣe é dáadáa.

Ẹ má lo ẹ̀rọ ayàwòrán-ńlá tó ní gílóòbù gbígbóná, ẹ má sì gbé négátíìfù sójú iná mànàmáná. Tábúlẹ́ẹ̀tì tàbí fóònù tí ojú rẹ̀ tóbi ti tó. Ẹ ṣí àwòrán funfun lásán sójú rẹ̀, kí ẹ mú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dé òpin. Ẹ gbé dígí mímọ́ kan sókè rẹ̀ lórí páálí, kí àlàfo bíi ìka mẹ́ta wà láàárín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn àmì tóótòòtó ojú tábúlẹ́ẹ̀tì yóò hàn nínú fọ́tò. Ẹ gbé négátíìfù sórí dígí, ẹ̀gbẹ́ tó ń dán kó kọjú sókè sí kámẹ́rà, kí ọwọ́ ọ̀tún lè wà ní ọ̀tún. Ẹ fi bébà dúdú bo gbogbo ibi tó kù. Ẹ pa gílóòbù yàrá. Ẹ gbé fóònù tí ẹ fẹ́ fi yà á sórí ohun tí kò ní mì, kó wà ní gbọọrọ lókè négátíìfù, kí ẹ sì lo táímà kí ọwọ́ yín má bàa mì ín. Lẹ́yìn náà, nínú Snapseed, áàpù tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe lórí fóònù, ẹ ṣí Curves, ẹ fa igun ìsàlẹ̀ òsì lọ sókè, ẹ fa igun òkè ọ̀tún wá sísàlẹ̀. Òkùnkùn yóò di ìmọ́lẹ̀.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ yí ọ̀kan padà báyìí, obìnrin kan tó jókòó sórí àga pẹ̀lú ọmọ lẹ́sẹ̀ ló jáde. Nínú négátíìfù, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, gọ̀ǹbọ́ tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ fínnífínní bí òwú funfun. Bó ṣe yí padà, mo rí ìyá bàbá mi nígbà tí wọn kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún.

Kí ẹ tó pa á mọ́, ẹ gbé fóònù náà lọ fún àgbà tó kù nílé. Ẹ bi wọ́n léèrè orúkọ, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ẹ fún négátíìfù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí nọ́ńbà kan náà wà lórí àpò ìwé rẹ̀ àti lórí fáìlì inú fóònù. Kí ẹ tọ́jú fáìlì náà sí ibi méjì ó kéré tán, kí ọ̀kan má sí nínú ilé kan náà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ibi tí ẹ ó fi sí

Àpò ìwé ni, ẹyọ kan sí àpò kan. Ẹ má lo ọ̀rá, ẹ má lo kúlà tó há, ẹ má lo agolo. Mo mọ̀ pé ó dà bíi pé ọ̀rá ló ń dáàbò bo nǹkan, àní èmi náà ti kó ogún nínú wọn sínú ọ̀rá kí n tó mọ̀, àmọ́ gáàsì tó há ló ń jẹ ẹ́. Ó gbọ́dọ̀ rí ibi gbà jáde. Páálí tí ẹ lu sí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin dára. Ẹ má fi ìwé ìròyìn wé e, ìwé ìròyìn fúnra rẹ̀ ní ásíìdì.

Àwọn ilé ìpamọ́ ńlá ń gbé e sínú fíríísà. Ní tiwa níbí, tí iná ń lọ tó ń bọ̀, mi ò gbà yín níyànjú bẹ́ẹ̀: gbogbo ìgbà tí yìnyín bá yọ́ ni omi ń sẹ̀ sára fíìmù, ọ̀rinrin sì ni ọ̀tá. Ibi tó dára jù nílé wa ni yàrá inú ilé alámọ̀ àtijọ́, níbi tí ògiri nípọn tí oòrùn kò dé. Ẹ gbé e sórí pẹpẹ, kó ga kúrò nílẹ̀, kó jìnnà sí ilé ìdáná àti kẹrosíìnì, kó má sì jẹ́ yàrá tí èèyàn ń sùn. Nígbà ọyẹ́, gbígbẹ afẹ́fẹ́ ń ràn yín lọ́wọ́. Nígbà òjò, ẹ fi àwọn àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa pààrọ̀ wọn.

Kí ó má wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ álíbọ́ọ̀mù tàbí fọ́tò mìíràn.

Èyí tó ti jẹrà

Kò gbọdọ̀ dé orí ààtàn, kò gbọdọ̀ dé inú ọkọ̀ ìkólẹ̀, ẹ má sì rì í mọ́lẹ̀. Ẹ bu omi kún korobá ike, ẹ tẹ àwọn ohun inú òkìtì kẹta rì sínú rẹ̀ jẹ́jẹ́ títí omi fi bò ó, kí ẹ sì fi ìdérí lé e láì dé e pinpin. Ó ṣì lè jó lábẹ́ omi tó bá ti gbiná tẹ́lẹ̀, bí mo ti wí, ṣùgbọ́n omi kò ní jẹ́ kó gbóná dé ibi tí yóò ti gbiná fúnra rẹ̀. Ẹ gbé korobá náà sí ìta, níbi òjìji, jìnnà sí ilé. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá iléeṣẹ́ panápaná, kí ẹ sọ fún wọn ní kíkún pé fíìmù nitrocellulose tó ti jẹrà ni, kí wọ́n sọ bí wọn yóò ṣe gbà á lọ́wọ́ yín.

Ẹ̀yin káfíńtà tó ń ka èyí, ọ̀rọ̀ náà kàn yín díẹ̀. Lákà tí ẹ ń fọ́n sára àga, nitrocellulose wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, òun náà ló wà nínú kútẹ́ẹ̀sì táwọn obìnrin fi ń kun èékánná. Nígbà òjò tó bá funfun bí ẹfun lójú igi, thinner tó ń fẹ́ lọ ló mú ojú igi tutù tí ìrì fi sẹ̀ sí i. Ẹ dúró de ọjọ́ gbígbẹ. Àmọ́ eruku lákà tó gbẹ tó sì kó jọ sí igun ṣọ́ọ̀bù àti àkísà tó ti mu ún yó ni kí ẹ máa kó dànù lójoojúmọ́. Bọ́ọ̀lù tẹníìsì orí tábìlì ti àtijọ́ náà jẹ́ ìbátan rẹ̀. Láti ọdún 2014 ni àjọ tẹníìsì orí tábìlì àgbáyé ti gba bọ́ọ̀lù ike mìíràn láyè dípò sẹ́lúlọ́ìdì. Tí àwọn ọmọ bá rí ògbólógbòó rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣáná sí i.

Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣe gbogbo èyí sára páálí náà. Kí ẹ máa ṣí i wò lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní ìparí oṣù Ṣẹ́rẹ́, kí ooru tó dé. Èyí tó bá ti ń lẹ̀ mọ́ àpò ìwé, ẹ yọ ọ́ kúrò lọ́jọ́ náà.